Ìlà Tí Àwáwù Fà Gbòdì

Agboolé Ahunṣọ,
Gàmbàrí, Ìlọrin.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Àwáwù Àṣàbí mi, tíṣà ìṣirò,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ṣọ́ọ̀kì tó ń funfun sí ọ lára. Ọlọ́hun á jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ẹkún. Gbogbo ilé ló wà ní àlàáfíà. Ìyá rẹ wà. Ìyá Síkírù, ìyàwó mi kejì, wà. Èmi náà wà, àyàfi orúnkún mi òsì tó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹbí.

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Awakọ̀ lọ́rì tí o fi rán gbé e fún mi ní Ọjà-Ọba, níwájú àwọn tó ń yẹ fìlà mi wò. Fúnra mi ni mo kà á. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dájú, torí ìyá rẹ lè sọ fún ọ lọ́jọ́ kan pé mo pe ẹnìkan wá kà á. Irọ́ ni. Ilé-kéwú tí mo lọ ní kékeré àti ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ti tó fún lẹ́tà rẹ. Ibi tí omijé rẹ ti ba tàdáwà jẹ́ nìkan ló dà mí láàmú díẹ̀.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè rí i pé ó yé mi. O ní o dúró níwájú àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹta ní ilé-ìwé yín lọ́hùn-ún, lẹ́bàá Ọ̀mù-Àrán. O kọ ìdọ́gba kan sójú pátákó, x + 2y = 8. O ní kí ẹ jọ wá ibi tí ìlà rẹ̀ ti gé ìlà méjì, èyí tó dùbúlẹ̀ tí ẹ ń pè ní ìlà x, àti èyí tó dúró ṣánṣán tí ẹ ń pè ní ìlà y. O fi òdo sí ipò x, y di mẹ́rin. Ó dára títí dé ibẹ̀. Ìgbà náà lo lọ fi mẹ́rin yẹn sórí ìlà x. O fi òdo sí ipò y, x di mẹ́jọ, o gbé mẹ́jọ lọ sórí ìlà y. O wá fa ìlà gbọọrọ láti ọ̀kan dé èkejì, ó rẹwà, ó sì gbòdì. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ní, "Mísì, ilé onílé lẹ kó wọn wọ̀ yẹn." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

O ní láti ọjọ́ náà, bí o bá ti súnmọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì yẹn, ṣọ́ọ̀kì a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O ní pírínsípà yín sọ pé òun á wá jókòó wo bí o ṣe ń kọ́ wọn ní Àlàmísì tó ń bọ̀. O wá ní kí n bá ọ bẹ Alájì Yáyá, tó wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ níbí, kó wá ìjókòó fún ọ nínú ọ́fíìsì, níbi tí wàá ti máa to fáìlì, tí ẹnikẹ́ni kò ní í fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ti gbọ́. Màá dé orí ọ̀rọ̀ Alájì Yáyá, má kánjú mi. Ẹni tó pẹ́ kó tó mọ ìwé kọ bíi tèmi, bó bá ti gba bírò, kì í tètè gbé e sílẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ilé onílé. Ìyá rẹ ní, "Kí ni bàbá burúkú yìí ń rín? Ọmọ ń sunkún, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín." Mo ní, "Ọmọ onírùngbọ̀n yẹn mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yẹn nínú ilé yìí, ìwọ lo sì tọ́ mi sọ́nà.

Ṣé o ti gbàgbé? O wá fún ìsinmi láti ilé-ìwé àwọn tíṣà. Mo jókòó nídìí òfì, mò ń ronú lórí ìdì òwú méjìlá tó kù fún mi. Fìlà kan ń gba ìdì méjì, ìborùn kan ń gba mẹ́ta. Mò ń fi ìka ka iye tí mo lè hun, ìka ń tán mọ́ mi lọ́wọ́. O yọ sí mi, o ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fà á fún yín."

"Kí lo fẹ́ fà?"

"Ìlà ni."

"Ìlà kì í hun fìlà, Àwáwù."

"Ẹ dákẹ́ ná, Bàbá."

Bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn, nínú agbo ilé ara mi, fún èmi tí mo bí ọ. Mo sì dákẹ́. O gbá ilẹ̀, o fi igi fa ìlà kan tó dùbúlẹ̀, o fa òmíràn tó dúró, wọ́n ṣe oríta. O ní x ni iye fìlà, y ni iye ìborùn. O kọ ọ́ sílẹ̀: 2x + 3y = 12. O wá ní kí n wá ibi tí ìlà ìdọ́gba yìí á ti gé ìlà x. Kíá ni mo ti dáhùn pé ká fi òdo sí ipò x.

O ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Ṣebí ilé x là ń lọ? Jẹ́ ká gbá ilé x mọ́ ká tó wọlé."

O rẹ́rìn-ín títí o fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà lo wò mí, o ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ níyàwó méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ìyá mi gan-an, ta lẹ máa rán lọ sọ́jà?"

"Ìyá Síkírù ni."

"Ẹ ò ní í rán ìyá mi?"

"Bí mo bá rán ìyá rẹ, ta ni màá wá bá sọ̀rọ̀?"

"Ó dáa. Ẹ rán y lọ sọ́jà. Kí y má sí nílé, kí x lè sọ iye tó jẹ́."

Ìyá Síkírù ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Àṣé ìdí tí ẹ fi ń rán mi lọ sí Ọjà-Ọba lójoojúmọ́ nìyẹn." Títí di òní, bí mo bá ti ní kó bá mi ra nǹkan bọ̀, yóò ní, "Mo ti di òdo nìyẹn o."

Mo rán y lọ sọ́jà. Ó ku 2x = 12. Fìlà mẹ́fà, kò sí ìborùn kankan. O fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ orí ìlà tó dùbúlẹ̀, o ní ẹni tó bá wà lórí ìlà yìí kò tíì gòkè rárá, òkè rẹ̀ òdo ni, ìdí nìyẹn tí y fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo níbẹ̀. Mo kan èèkàn kan mọ́ mẹ́fà. A wá rán x lọ sọ́jà, ó ku 3y = 12. Ìborùn mẹ́rin, kò sí fìlà. Ẹni tó bá wà lórí ìlà tó dúró kò tíì ya ọ̀tún, kò tíì ya òsì. Mo kan èèkàn kejì mọ́ mẹ́rin. O ní ó ti tán. Mo ní, "Méjì péré?" O ní, "Èèkàn méjì ti tó ìlà tó bá tọ́." Mo wá rántí bí àwa ahunṣọ ṣe ń ta òwú: bí èèkàn ìbẹ̀rẹ̀ àti èèkàn ìparí bá ti dúró dáadáa, òwú kò tún ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà.

O gba òwú pupa lọ́wọ́ mi, o ta á láti èèkàn kan dé èkejì. O ní kí n wo abẹ́ òwú náà, níbi tí x ti jẹ́ mẹ́ta tí y sì jẹ́ méjì. Òwú náà gba orí rẹ̀ kọjá gẹ́lẹ́. Fìlà mẹ́ta, ìborùn méjì. Mo kó ìdì òwú mi jáde, mo pín in sílẹ̀: mẹ́fà fún fìlà, mẹ́fà fún ìborùn. Kò ṣẹ́kù, kò dín. Ohun tí mò ń fi ìka wá láti òwúrọ̀, abẹ́ òwú ló sùn sí.

Mo tún rí ibì kan tí òwú ti kọjá níbi fìlà kan àtààbọ̀. Mo ní ta ni yóò dé ààbọ̀ fìlà. O ní kò sí, nọ́ńbà odidi nìkan la máa lò. Mo ní ó wà, orí ẹ̀gbọ́n mi Múmíní, fìlà kan àtààbọ̀ ló ń gbà. O ní, "Bàbá, màá sọ fún wọn." O kò sọ. Èmi ni mo sọ fún un.

Àwáwù, ọjọ́ tí o parí Kùránì, tí o ru wàláà, pátákó kéwú rẹ, yí àdúgbò ká, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin. Ọjọ́ òwú pupa yẹn, mo wò ọ́ bí o ti tẹ̀ ba lórí ilẹ̀, tí erùpẹ̀ wà ní orúnkún rẹ, tí o ń ṣe àlàyé fún arúgbó tó ń ṣe yẹ̀yẹ́, tí o kò bínú, tí o kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi yé e. Mo lọ káàkiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní àdúgbò wa lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún ẹni tó bi mí, mo sọ fún ẹni tí kò bi mí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ọ nìyí. Má wo ẹnu tó ń sọ ọ́, ìwọ lo fi púpọ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Èkíní. Má sá fún ẹ̀rín. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, ìborùn àkọ́kọ́ tí mo dá hun láìsí ọ̀gá mi nítòsí, mo gbé ìlà pupa sí ibi tó yẹ kí funfun wà. N kò rí i títí mo fi tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ahunṣọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ aṣọ náà lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ṣìnà. Mo bínú, mo forí lé Malete, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń gbin iṣu. Mo ní iṣu kò lè fi mí rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Kò kí mi náà. Nígbà tó yá, àbúrò ìyá mi wá wo ebè, ó rí i pé gbogbo ìtàkùn iṣu ni mo ti fi kọ́ ara wọn, èyí gba òkè, èyí gba abẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó títí.

Ó ní, "Sáláú, o ń hun iṣu mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú, n kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ń ṣe é."

Ó ní, "Gbé ọwọ́ náà padà sílé, kó tó di pé iṣu là ń fi bora."

Mo padà. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sú wọn. Bí o bá dé ọ́fíìsì tí o ń wá yìí, mo mọ̀ ọ́, oríta lo máa máa yà sẹ́yìn fáìlì ìjọba.

Èkejì. Ní Àtìní tí ẹ bá padà sí kíláàsì, tún kọ x + 2y = 8 sójú pátákó. Ìyẹn gan-an, má wá òmíràn tó rọrùn. Fa ìlà rẹ tó gbòdì bó ṣe wà lọ́jọ́ náà, kí o sì pe onírùngbọ̀n jáde. Ní kó gbé oníkálukú padà sílé rẹ̀. Bó bá ṣe é dáadáa, mẹ́jọ á dé orí ìlà x, mẹ́rin á dé orí ìlà y, kí o yìn ín gidigidi. Ẹni tó rí àṣìṣe rẹ láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó ń fetí sílẹ̀ nìyẹn. Irú rẹ̀ mélòó lo ní?

Ẹ̀kẹta. Bí o bá ti rí ibi tí ìlà ti gé, dá a padà sínú ìdọ́gba kí o tó kọjú sí wọn. Mẹ́jọ ní ipò x, òdo ní ipò y: mẹ́jọ ni, ó pé. Òdo ní ipò x, mẹ́rin ní ipò y: mẹ́rin lọ́nà méjì, mẹ́jọ ni, ó pé. Bí o bá dán ti ìlà tó gbòdì yẹn wò, òdo ní ipò x àti mẹ́jọ ní ipò y, mẹ́rìndínlógún ló máa já sí, àṣírí á tú sí ọ létí jẹ́jẹ́ kó tó tú sí onírùngbọ̀n.

Èyí tó kàn, n kò mọ iye tí mo ti kà dé. Sọ̀rọ̀ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Nínú lẹ́tà rẹ, o ní bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó lo ṣe kà á fún wọn, ojú rẹ kò kúrò lára ìwé. Ta ló sọ fún ọ pé ìwé náà mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ? Ka ti ìwé, kí o sì gbé ìwé sílẹ̀. Rán y lọ sọ́jà lójú wọn. Bàbá àwọn tó pọ̀ nínú wọn níyàwó ju ẹyọ kan lọ, á tètè yé wọn. Ní ti àwọn tí ìyá wọn jẹ́ ẹyọ kan nílé, wọ́n á bi àwọn yòókù.

Múra sílẹ̀ fún ìbéèrè náà. Onírùngbọ̀n kò ní í dákẹ́. Ó lè ní ṣé gbogbo ìlà ló ń gé ìlà méjèèjì. Èmi náà bi ọ́. O fi y = 4 hàn mí, tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tó ń bá ìlà x rìn lọ láìpàdé rẹ̀ láéláé, tó jẹ́ pé ìlà y nìkan ló gé. O fi y = 2x hàn mí, tó gba àárín oríta kọjá. Bí o bá rán y lọ sọ́jà níbẹ̀, x náà ti bá a lọ, èèkàn méjèèjì á bọ́ sínú ihò kan. Mo ní báwo la ṣe máa ta òwú lórí èèkàn kan. O ní, "Ẹ wá èkejì síbòmíràn, Bàbá. Ẹ fi ení sí ipò x, y á di méjì, ẹ kan èèkàn síbẹ̀." Èyí tí n kò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́ ni ìlà tó gé ìlà y ní ìsàlẹ̀ oríta, tí o ní iye rẹ̀ kò tó òdo. Mo ní ta ni yóò ra ìborùn tí kò tó òdo. O ní kì í ṣe ìborùn mọ́, nọ́ńbà lásán ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Máa jẹun kí o tó wọ kíláàsì. Ọwọ́ tí kò di ṣọ́ọ̀kì mú yẹn, ebi wà nínú rẹ̀. Àti pé tíṣà tó ń gbé ọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà, tí o dárúkọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú lẹ́tà kan náà bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun dárúkọ rẹ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ á bi í léèrè ibi tí 2x + 3y = 12 ti gé. Bó bá fi òdo sí ipò x nígbà tó ń lọ sílé x, kó máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ Alájì Yáyá.

O ní kí n lọ, mo lọ. Láàárọ̀ òní, kí ìrun Jímọ̀ tó yá, mo wọ agbádá tí mo fi ọwọ́ ara mi hun, mo dé ọ́fíìsì rẹ̀. A kí ara wa tán, ó ní, "Bàbá Àwáwù, kí ló gbé yín jáde nínú agbádá ńlá yìí?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Àwáwù ni."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sórí láti ilé. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìṣirò. Fọ́ọ̀mù Kẹta. Àwọn kan nínú wọn ti ní irùngbọ̀n."

Ó ní, "Mo gbọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

Mo ní, "Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wá ibi tí ìlà kan ti gé ìlà méjì."

Ó ní òun mọ̀ ọ́n, àwọn ṣe é nílé-ìwé. Mo ní kò burú, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ síbẹ̀. Mo rán y lọ sọ́jà lójú rẹ̀, mo rán x, mo kan èèkàn, mo fi fìlà mi ṣe fìlà. Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi pe àwọn akọ̀wé rẹ̀ wọlé, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún un sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó nu ojú, ó ní, "Bàbá, ẹ kò tíì sọ ohun tí ẹ bá wá."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Mo dìde, mo jáde.

Nítorí náà, Àṣàbí, gbọ́ mi. Wọ kíláàsì yẹn ní Àtìní. Ní Àlàmísì, jẹ́ kí pírínsípà jókòó síbi tó bá wù ú. Bó bá di Jímọ̀ tí o ṣì fẹ́ ìjókòó ọ́fíìsì, wọ lọ́rì wá sílé. N kò ní í bínú. Màá tún wọ agbádá náà, a óò jọ lọ bá Alájì, màá sì dúró tì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tìrẹ lo máa fi sọ fún un pé o kò kọ́ni ní ìṣirò mọ́. Èmi ti gbìyànjú rẹ̀, n kò rí i sọ.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ àti ohun tí ọwọ́ náà bá kọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sáláú.